Orúkọ Tí Wọ́n Fi Sọ Ọ̀kùn

Ìgò náà kún fọ́fọ́ fún ọ̀kùn. Àwọn kan dúdú bí èédú, àwọn kan pọ́n bí amọ̀, àwọn kan sì kéré débi pé èèyàn lè pè wọ́n ní òwú ìránṣọ tó já. Olùkọ́ kan ló gbé e wá sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí láti ìlú míì, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá. Àǹtí gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú fèrèsé, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá béèrè pé níbo gan-an ni wọ́n ti mú wọn. Ọkùnrin náà họrí. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ló kó wọn jọ níbi tí kálukú wọn ń gbé, òun ò sì lè sọ èyí tó ti ibì kan wá. Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe padà wọlé báyìí, ó da gbogbo ohun tó wà nínú ìgò náà sínú garawa ìdọ̀tí.

Atẹ́rẹ́, tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, la ẹnu sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wá dà á nù?"

"Kí ni kí n fi ṣe? Ọ̀kùn tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti mú un, òkú lásán ni. Ṣebí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ? Bí iṣẹ́ tèmi náà ṣe rí nìyẹn." Ó fọ ìgò náà, ó sì da ojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè gbẹ.

Atẹ́rẹ́ kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọbìnrin náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé-ìwé ló fún un ní ìnagijẹ yìí nítorí pé ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tó yá, àwọn ará ilé gan-an gbà á. Kíláàsì tó kẹ́yìn nílé-ìwé girama ló wà. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Àǹtí yìí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mọ irú ọ̀kùn tó wà níbi gbogbo, kó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, kó sì sọ èyí tí kò tíì lórúkọ lórúkọ. Nínú ẹbí, Ìyá Ọ̀kùn ni wọ́n ń pè é. Tí gbogbo wọn bá pé jọ, ẹnì kan kò ní ṣàì béèrè pé, "Ìyá Ọ̀kùn, àwọn ọmọ ńkọ́?" Òun náà á ní, "Wọ́n wà dáadáa, wọ́n ń fi gbogbo ẹsẹ̀ kí yín." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gún wà nínú àwàdà náà, nítorí kò lọ́kọ, kò sì bímọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, Atẹ́rẹ́ ni ọmọ tó ní.

Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń bá a lọ sí láàbù. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀kùn kì í ṣe oríṣi kan, pé ẹ̀yà wọn pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni tíì kà tán lọ, àti pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Méjì lè jọra bí ìbejì, àwọ̀ kan náà, gígùn kan náà, kí wọ́n má sì bá ara wọn tan. Ohun tí Àǹtí fi ń dá wọn mọ̀ ni ẹsẹ̀ kékeré kan tó wà ní òrùka keje nínú àwọn òrùka ara akọ. Akọ kì í fi ẹsẹ̀ yìí rìn, ìgbà tó bá fẹ́ gun abo ló máa ń lò ó, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀, bí kọ́kọ́rọ́ ilé kan kì í ṣe é ṣí ilé míì. Àǹtí á fi abẹ́rẹ́ yọ ẹsẹ̀ náà, á gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, á wá máa ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé títí ojú rẹ̀ á fi máa ṣomi. Ó tún kọ́ Atẹ́rẹ́ pé ọ̀kùn kì í fò, kò mọ̀wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìrìn àjò. Ẹ̀yà kan lè wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan ṣoṣo, kó má sí níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run.

Lọ́dún náà, iṣẹ́ ńlá kan bọ́ sí Àǹtí lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ní kó wo gbogbo ẹ̀yà ọ̀kùn tó wà ní ibi mẹ́ta: etí odò, orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, àti igbó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé Atẹ́rẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi ń tan án lọ́dọọdún. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé bí iṣẹ́ náà bá yọrí, òṣìṣẹ́ gidi ló dà. Àǹtí parí ti etí odò. Nígbà tó kù kó bẹ̀rẹ̀ ti orí òkè, ó yọ̀ ṣubú nínú àgbàlá ara rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Dókítà ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òjò ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti gbẹ, gbogbo ọ̀kùn á wọnú ilẹ̀ lọ, ó tún di àmọ́dún.

Nígbà náà ló pe Atẹ́rẹ́. Ó kó ìgò tí ọtí líle wà nínú wọn fún un, ó fún un ní ẹ̀mú kékeré, páálí pélébé-pélébé tí wọ́n ti gé, àti pẹ́ńsù, nítorí ọtí inú ìgò á fọ yíǹkì bírò dànù. Ó ní kó lọ sórí òkè lọ́jọ́ Sátidé, kó sì wo igbó ẹ̀yìn ilé-ìwé nígbà tó bá ráyè láàárín ọ̀sẹ̀.

"Ibi tí o bá ti mú un gan-an ni kí o ti kọ ọ́," Àǹtí sọ. "Má ní ó di ìgbà tí o bá délé. Ìwọ ni ẹsẹ̀ mi báyìí."

Atẹ́rẹ́ gbéra lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ọkàn tó mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, nítorí ẹni tó máa ṣìnà kì í sábà jí láàárọ̀ kó sọ pé òun fẹ́ ṣìnà. Oríta ló ti pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan, àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù sì ni lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo kíláàsì ló ń lọ síbẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ka orúkọ àwọn tó ń bọ̀, ó sì rí i dájú pé òun mẹ́nu kan ọmọkùnrin tí Atẹ́rẹ́ kì í lè wò lójú.

"Òkè wo lo fẹ́ gùn nínú oòrùn yìí?" ló bi í. "Ṣebí ọ̀kùn kún inú igbó ẹ̀yìn ilé-ìwé wa. Kó wọn níbẹ̀, kọ òkè sí i, ká máa lọ."

"Àǹtí mi máa mọ̀."

"Báwo ló ṣe máa mọ̀? Ọ̀kùn wo ló ní àdírẹ́sì?"

Atẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì ṣílẹ̀kùn. Wọ́n gba ibi tí ògiri ilé-ìwé ti wó kọjá sínú igbó. Ibẹ̀ tutù, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ewé tó ti jẹrà sì rọ̀ lábẹ́ bàtà. Igi ńlá kan ti ṣubú sáàárín igbó náà láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí Atẹ́rẹ́ ká èèpo rẹ̀ kúrò, ó rí àwọn ọ̀kùn kéékèèké kan tí kò rí irú wọn rí, wọ́n pọ́n, ìlà funfun tín-ín-rín kan sì gba ẹ̀yìn wọn kọjá láti orí dé ìdí. Wọ́n ká jọ lọ́gán. Ó fi ẹ̀mú kó wọn sínú ìgò, ó mú páálí, ó sì di pẹ́ńsù mú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ti ń súfèé lórí ògiri. Ó kọ ọ́ pé, "Orí òkè, lábẹ́ igi tó ti jẹrà," ó jù ú sínú ìgò, ó sì dé e.

Wọ́n wo bọ́ọ̀lù náà. Ọmọkùnrin yẹn kò tilẹ̀ wá.

Irọ́ kì í dá rìn. Nígbà tó di àárín ọ̀sẹ̀, tó yẹ kí Atẹ́rẹ́ wo igbó ẹ̀yìn ilé-ìwé, ó rò ó pé bí òun bá tún wọ ibẹ̀, àwọn ọ̀kùn kan náà ni òun á kó, ìgò méjèèjì á jọra, àṣírí á sì tú. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tí àwọn ọ̀kùn dúdú ńlá ti máa ń rìn káàkiri, àwọn tí gbogbo ọmọdé mọ̀, ó ṣa mélòó kan, ó sì kọ orúkọ igbó náà sí i. Àǹtí gba àwọn ìgò náà tayọ̀tayọ̀. Ó béèrè bóyá òkè náà kò ga jù fún un. Atẹ́rẹ́ ní ó ga díẹ̀. Ó béèrè bóyá kò ṣubú. Atẹ́rẹ́ ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó ní kó fi ìyẹn kún un.

Nígbà tí ìdánwò ń sún mọ́lé, ọ̀gá ilé-ìwé kéde níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé wọ́n máa gé igbó ẹ̀yìn nígbà ìsinmi gígùn, wọ́n á sì sọ ibẹ̀ di pápá ìṣeré. Ariwo ayọ̀ sọ. Ó ní àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti bá wọn wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹ̀fọn àti ọ̀kùn lásán lọ. Atẹ́rẹ́ rántí àwọn ọ̀kùn dúdú tó kó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé igbó lásán ni lóòótọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Àǹtí ránṣẹ́ pè é sí láàbù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń san, igi ló fi ń rìn. Ó fi ọwọ́ sún ọmọ náà sídìí maikirosikóòpù. Atẹ́rẹ́ fi ojú sí i. Ó rí ẹsẹ̀ kékeré kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ìpẹja, ẹnu rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní eyín wẹ́wẹ́. Kò rí irú rẹ̀ rí nínú gbogbo àwòrán tí Àǹtí ti yà.

"Kò sí irú ẹ̀ nínú ìwé kankan," Àǹtí sọ. "Mo ti wò ó títí. Mo ti fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Wọ́n ní ẹ̀yà tuntun ni. Èyí tó ní ìlà funfun lẹ́yìn yẹn, tí o mú lórí òkè."

Igi tó ṣubú yẹn hàn sí Atẹ́rẹ́, igbó yẹn hàn sí i, ìkéde òwúrọ̀ yẹn sì ń dún létí rẹ̀. Ó béèrè pé bí wọ́n bá gé ibi tí irú ọ̀kùn bẹ́ẹ̀ ń gbé, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i.

"Ó parí nìyẹn," ni Àǹtí dáhùn. "Ibo ló máa sá lọ? Ká dúpẹ́ pé orí òkè ló wà. Ta ló máa wá kọ́lé sórí àpáta?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun Atẹ́rẹ́. Ó ti lanu gan-an, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí kò tíì sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán. Ó di ọmọ náà lápá méjèèjì mú, ó ní nínú iṣẹ́ àwọn, ẹni tó bá kọ ìwé nípa ẹ̀yà tuntun ló ń sọ ọ́ lórúkọ, ó sì lè fi orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rí i sọ ọ́. "Orúkọ rẹ ni màá fún un. Orúkọ rẹ gidi, kì í ṣe Atẹ́rẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ nípa ọ̀kùn láyé ló máa pè é títí ayé."

Atẹ́rẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Kò sí ìròyìn tó ń yára bí èyí tó dùn mọ́ ìyá nínú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá Atẹ́rẹ́ ti sọ fún àwọn ará ilé, ó ti sọ fún ará ọ̀tún, ó ti pe ará òsì jáde láti inú ilé ìdáná kó lè wá gbọ́. Nílé-ìwé, wọ́n ní kó bọ́ síwájú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọkùnrin tí kò lè wò lójú wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àtẹ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ló dún jù, nígbà tí wọ́n sì dá wà, ó fi ìka lé ẹnu, ó ní òun ti ti tòun pa. Atẹ́rẹ́ sọ fún un pé ẹ̀rù ń ba òun nítorí igbó náà. Ẹlẹ́rìn-ín wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó ní, "Ìwọ ni wọ́n fi orúkọ rẹ sọ nǹkan, o tún ń sunkún igbó."

Ẹ̀rọ katakata dé ní ìsinmi gígùn. Atẹ́rẹ́ lọ wò ó. Ó dúró níbi tí ògiri ti wó, ó sì rí bí irin náà ṣe ń hú igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, tó ń wọ́ ilẹ̀ dúdú jọ pẹ̀lú ewé àti ohunkóhun tó wà nínú ewé. Igi tó ṣubú yẹn fọ́ wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó yanrìn dà sí i, wọ́n sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé àwọn ọ̀kùn náà á ti rápálá lọ síbòmíràn. Ta ló ń tàn? Òun tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ọ̀kùn kò mọ ìrìn àjò.

Ìwé tí Àǹtí kọ jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n tẹ àwòrán ẹsẹ̀ kékeré náà síbẹ̀, wọ́n tẹ orúkọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ pé orí òkè ló ń gbé. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìwádìí ní kí Àǹtí máa retí ìròyìn ayọ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ méjì wá láti ọ̀nà jíjìn láti wo ọ̀kùn náà láàyè. Wọ́n gun òkè náà, wọ́n tú gbogbo òkúta àti igi jíjẹrà, wọn kò rí ẹyọ kan. Wọ́n tún padà wá, wọn kò rí i. Àǹtí ní wọn kò mọ ibẹ̀ ni, ó sì gùn ún fúnra rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ tó wú yẹn kò tíì san tán, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gùn ún léraléra, tó ń dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó ń padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ tó bó. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ó da ìgò pọ̀. Àwọn kan ní ó ra ọ̀kùn náà láti ibòmíràn kó lè rí iṣẹ́ gbà. Ọ̀gá rẹ̀ kò mẹ́nu kan ìròyìn ayọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Atẹ́rẹ́ bá Àǹtí nínú yàrá ìdáná rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó ń bá ìyá Atẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó jọ pé ìyá náà béèrè bóyá ọmọ náà kò ṣi ibi tó ti mú un kọ. Àǹtí dáhùn pé, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ yín ò lè parọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti bi í."

Atẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ síwájú Àǹtí níbi tí omi ti ta sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti oríta dé ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Òótọ́ bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n katakata ti bá igbó ṣáájú.

Àǹtí kò pariwo. Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi, ó wọ bàtà láì nù ún, ó sì jáde. Atẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e dé ilé-ìwé. Àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá. Àǹtí rìn yí ibẹ̀ ká, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣí òkúta, ó ń fi ọwọ́ lásán wa ìdí ògiri. Ọ̀kùn dúdú ńlá mélòó kan ló jáde. Bọ́ọ̀lù yí dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọkùnrin kan sì bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa gbá a wá." Ó gbá a padà fún wọn. Lẹ́yìn náà ló tó wo Atẹ́rẹ́.

"Mi ò bi ọ́ nípa ọjọ́ Sátidé. Ọmọdé ni ọ́, eré wù ọ́, mo lè dárí ìyẹn jì ọ́. Ọjọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ ọ̀kùn yẹn hàn ọ́ ńkọ́? Igbó yìí ṣì wà níbí lọ́jọ́ yẹn. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Omijé kò jẹ́ kí Atẹ́rẹ́ lè gbójú sókè. "Ẹ ní orúkọ mi lẹ máa fi sọ ọ́."

Àǹtí mi orí. Ó ń mi orí náà bí wọ́n ṣe ń lọ sílé.

Ó kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tó yẹ: pé kì í ṣe orí òkè, pé igbó kan báyìí ni, pé igbó náà kò sí mọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òtítọ́ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní ẹni tí kò lè sọ ibi tí ọ̀kùn rẹ̀ ti wá, báwo ni àwọn ṣe máa gba èyí tó kù gbọ́? Ìgò etí odò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó, wọn kò gbà á gbọ́ mọ́. Àǹtí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ àfikún nínú pálọ̀ rẹ̀ báyìí, ìṣirò àti kíkà. Ìyá Atẹ́rẹ́ sọ ọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́, ṣùgbọ́n Atẹ́rẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi Ẹlẹ́rìn-ín nìkan. Ẹlẹ́rìn-ín kọ́ ló di pẹ́ńsù mú. Nígbà tí ẹbí bá pé jọ, kò sí ẹni tó ń béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ Ìyá Ọ̀kùn mọ́.

Atẹ́rẹ́ lọ bá a, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ orúkọ òun kúrò lára nǹkan náà, kó fún un ní orúkọ míì, orúkọ igbó, orúkọ ẹnikẹ́ni. Inú pálọ̀ náà ni wọ́n wà, Àǹtí ń fi ìrẹ́sà nu iṣẹ́ ọmọ kan. Ó ní òfin iṣẹ́ náà kò gbà á. Orúkọ tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde, kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́, kódà bí ẹni tó sọ ọ́ bá kábàámọ̀, kódà bí ẹranko náà bá ti pa rẹ́. "Orúkọ rẹ lá máa jẹ́ lọ," ló wí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ìyẹn ló sì dun Atẹ́rẹ́ jù.

Atẹ́rẹ́ wọ yunifásítì. Ní kíláàsì àkọ́kọ́, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn nípa ẹranko ń pe orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tó kan tirẹ̀, ó yọ ojú láti òkè awò ojú rẹ̀. Ó ní òun mọ ọ̀kùn kan tó ń jẹ́ orúkọ yìí, ṣé àwọn méjèèjì bá ara wọn tan? Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Atẹ́rẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ òun ni wọ́n fi sọ ọ́. Olùkọ́ náà yọ̀, ó ní kó dìde kí gbogbo èèyàn rí i, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ni ọ̀kùn náà ń gbé.

Ó lè parọ́. Ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀, irọ́ ì bá sì ti rọrùn. Àmọ́ ó ti mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá ti ṣe àṣìṣe, kó tètè sọ ọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà, nítorí ìyìn tó bá mú èèyàn gbé òótọ́ mì, bó pẹ́ bó yá, ìtìjú ló máa dà.

"Kò gbé ibì kankan mọ́, sà," ló dáhùn. "Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n pa ilé rẹ̀ run."

Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà ní kó jókòó, ó sì pe orúkọ tó kàn.